Ẹ fi ẹ̀dá abàmì pamọ́: ọ̀rọ̀ mi sí àwọn tó ń ṣe fíìmù ẹ̀rù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan lórí èdè wa. Ọ̀rọ̀ fíìmù ni mo bá wá, fíìmù tí ń dẹ́rù bani pàápàá: ti àjẹ́, ti iwin, ti òkú tó jí rìn, ti ẹranko abàmì tó jáde látinú omi. Àwọn tó ń dá sinimá lẹ́jọ́ máa ń fojú pa irú fíìmù bẹ́ẹ̀ rẹ́. Wọ́n á ní owó tí wọ́n fi ṣe é kò tó nǹkan, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò jọ ẹ̀jẹ̀, okùn tí wọ́n fi so àdán rọ̀ ń hàn ketekete. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n fíìmù olówó gọbọi tí wọ́n jọ jáde lọ́dún kan náà ti di ohun ìgbàgbé, àwọn yìí ṣì wà lẹ́nu aráyé. Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí wọ́n yà wọ́n ló ń wá wọn kiri lórí fóònù lọ́gànjọ́, tí wọ́n á wò wọ́n tán tí wọn ò ní lè dá lọ sí ilé ìtọ̀.

Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé àìlówó gan-an ló fún wọn ní ẹ̀mí gígùn. Ẹni tí kò lówó tí yóò fi ṣe ẹ̀dá abàmì tó gbámúṣé, dandan ni kó fi í pamọ́ sínú òkùnkùn. Èyí tí kò bá lè fi hàn wá, yóò jẹ́ ká gbọ́ ọ. Bó bá sì wá kàn án pé kí nǹkan hàn lójú kámẹ́rà, ohun tí ọwọ́ lè dì mú ni yóò fi ṣe é, tí ìmọ́lẹ̀ yóò bà á bó ṣe ń ba òṣèré, tí òjìji rẹ̀ yóò sì hàn lára ògiri. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń wá. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ẹ̀rù ní èdè Yorùbá lónìí ti ń sọ ọ́ nù, torí pé kọ̀ǹpútà ti mú kó rọrùn láti fi ohun gbogbo hàn, títí kan èyí tí kò yẹ kó hàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilé iṣẹ́ RKO ní Hollywood lọ́dún 1942. Ìṣúná wọn ti dẹnu kọlẹ̀. Wọ́n gba Val Lewton pé kó máa ṣe fíìmù ẹ̀rù tí yóò tètè pa owó wọlé. Owó tí yóò ná lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ kọjá 150,000 dọ́là, gígùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 75, àwọn ọ̀gá ni yóò sì máa fún un ní àkọlé, kó tó lọ wá ìtàn tó bá a mu. Àkọlé àkọ́kọ́ tí wọ́n jù sí i lọ́wọ́ ni Cat People. Ìtàn tó bá jáde ni ti obìnrin kan tó gbà pé bí òun bá súnmọ́ ọkùnrin, òun á di ẹkùn dúdú. Ohun tó rọrùn jù ni kí wọ́n wọ ènìyàn láṣọ onírun, kí ó máa bú ramúramù. Lewton àti olùdarí rẹ̀, Jacques Tourneur, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ báyìí ni a rí ẹkùn náà.

Ibi tí mo fẹ́ kí gbogbo olùdarí wa wò ní àwòtúnwò ni ibi odò ìwẹ̀ abẹ́ ilé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan nìkan ló wà níbẹ̀ lálẹ́. Ó gbọ́ tí nǹkan ń kùn lójú àtẹ̀gùn, ó bẹ́ sínú omi, ó wá ń lúwẹ̀ẹ́ yípo lójú kan ní àárín rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ta látara omi ń jó lára ògiri àti àjà. Òjìji kan kọjá. Ohùn ẹranko ń dún, igbe obìnrin náà ń dún, ògiri ń dá méjèèjì padà títí a kò fi mọ èyí tó jẹ́ ti ta. Kò sí ẹranko kankan níbẹ̀ rárá: Tourneur fúnra rẹ̀ ló fi ìkúùkù ọwọ́ rẹ̀ ṣe òjìji náà níwájú iná. Ìkúùkù kan, iná kan, omi tó ń mì. Àtẹ̀gùn ńlá tó wà nínú ilé obìnrin ẹlẹ́kùn náà pàápàá, ti fíìmù mìíràn tí ilé iṣẹ́ náà ti yà tán ni.

Nínú fíìmù yìí kan náà ni wọ́n ti ṣe ohun tí àwọn oníṣẹ́ fíìmù òyìnbó ṣì ń pè ní bọ́ọ̀sì Lewton títí dòní. Obìnrin kan ń rìn lọ lálẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi ọgbà, bàtà rẹ̀ ń dún kò-kò-kò. Bàtà ẹlòmíràn ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, ti ẹ̀yìn dákẹ́. Obìnrin náà wẹ̀yìn, kò rí ẹnikẹ́ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Gbogbo ibẹ̀ parọ́rọ́. Lójijì, nǹkan ké ṣììì bí ẹkùn tó fẹ́ fò mọ́ ọn, bọ́ọ̀sì sì ti dé iwájú rẹ̀. Bíréèkì bọ́ọ̀sì ni. Ẹ kíyè sí i pé ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi san owó rẹ̀. Bí orin bá ti ń dún látìbẹ̀rẹ̀, igbe bọ́ọ̀sì yẹn kò ní ju igbe bọ́ọ̀sì lọ.

Ó dùn mí láti sọ pé orin ni fíìmù tiwa fi ń pa ara rẹ̀. Òṣèré kò tíì fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, olórin ti ń kọ ọ́ lórin pé ikú ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kí ni ẹni tó ń wò ó tún fẹ́ bẹ̀rù? Ẹ yọ orin náà kúrò. Kí oníṣẹ́ sáùndì gba ariwo yàrá lásán sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, nígbà tí gbogbo ènìyàn panu mọ́, nínú yàrá tí ẹ ti ya àwòrán gan-an, torí kò sí yàrá méjì tí ìdákẹ́jẹ́ wọn dọ́gba. Èyí ni ẹdítọ̀ yóò tẹ́ sábẹ́ gbogbo ibi tí kò sí ọ̀rọ̀. Bí ẹ kò bá gbà á, ẹ óò máa gbọ́ ibi tí sáùndì ti ń já bí omi ẹ̀rọ tó ń wá tó ń lọ. Ìró egungun tó kán: kárọ́ọ̀tì tútù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a wé nínú aṣọ tó tutù, kí a ṣẹ́ ẹ ní ẹ̀gbẹ́ máíìkì. Ìrèké náà ṣe é lò fún egungun tó nípọn. Gbogbo èyí kò tó owó epo jẹnẹrétọ̀ ọjọ́ kan.

Jẹnẹrétọ̀ náà ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà, ó kéré tán mítà 50, sí ẹ̀yìn ilé tó ní ògiri bíríkì, kí ẹ fa wáyà tó nípọn dé ibi iṣẹ́. Wáyà tínínrín lórí ọ̀nà jíjìn a máa jẹ iná, gílóòbù á máa ṣú, wáyà fúnra rẹ̀ á sì gbóná débi tó lè jóná.

Ọdún 1968 ni èyí tí gbogbo ayé mọ̀ jù, Night of the Living Dead, jáde. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Pittsburgh, tó jẹ́ pé ìpolówó ọjà ni wọ́n ń yà jẹun, kó ara wọn jọ. Ẹni mẹ́wàá ló kọ́kọ́ dá owó, 600 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó di 6,000. Nígbà tí wọ́n fi máa parí iṣẹ́, gbogbo ìnáwó jẹ́ nǹkan bí 114,000 dọ́là. George A. Romero ló darí rẹ̀, òun àti John Russo ló kọ ìtàn náà. Òkú ń jí, wọ́n ń jẹ alààyè. Àwọn méje sá pamọ́ sínú ilé oko kan, wọ́n ń kan pákó mọ́ fèrèsé, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí wọ́n ti ń bá ara wọn jà. Orúkọ mìíràn ni fíìmù náà kọ́kọ́ jẹ́, kí wọ́n tó padà sọ ọ́ ní Night of the Living Dead.

Ẹ wo bí àìní ṣe ṣiṣẹ́ fún wọn. Ilé tí wọ́n lò nítòsí Evans City jẹ́ ilé tí wọ́n ti fẹ́ wó tẹ́lẹ̀, nítorí náà wọ́n lè fọ́ fèrèsé rẹ̀, kí wọ́n kan ìṣó síbi tó wù wọ́n, kò sí onílé tó máa dá wọn dúró. Dúdú-àti-funfun ni wọ́n fi yà á, ẹ̀jẹ̀ kò sì nílò láti pupa mọ́. Omi ṣokoléètì Bosco, èyí tí àwọn ọmọdé Amẹ́ríkà ń dà sínú mílíìkì, ni wọ́n dà sí wọn lára: ó ki, ó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀, kámẹ́rà dúdú-àti-funfun kò sì mọ̀ ju pé nǹkan kan dúdú lọ. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísun àti ìfun ẹran tí wọ́n gbà lọ́wọ́ alápatà ni àwọn òkú ń fà ya. Àwọn òkú fúnra wọn, ọ̀rẹ́, aládùúgbò àti oníbàárà iṣẹ́ ìpolówó wọn ni. Orin rẹ̀ jẹ́ orin tó ti wà nípamọ́, tí ẹnikẹ́ni lè sanwó lé lórí.

Òkú àkọ́kọ́ tó yọjú kò ní ju kóòtù àti ojú tó funfun díẹ̀ lọ. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan wá sí ibojì bàbá wọn, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ń dẹ́rù ba àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó ń fi í ṣeré. Lọ́ọ̀ọ́kán, láàárín ibojì, ọkùnrin gíga kan ń tàgé bọ̀. Kámẹ́rà kò dúró lé e lórí, orin kò tọ́ka sí i. Ẹni tó ń wò rò pé ẹni tí òun náà wá síbi ibojì ènìyàn rẹ̀ ni. Nígbà tó fi gbá obìnrin náà mú, ó ti pẹ́ tó ti wà níwájú wa. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé mékọ́ọ̀pù púpọ̀ kì í ṣe ohun àkọ́kọ́. Òkú tó jọ ẹni tó ń gbé ládùúgbò ẹni burú ju òkú oníwo mẹ́rin.

Ẹni tó ṣe olórí eré náà ni Duane Jones, adúláwọ̀, lásìkò tí Amẹ́ríkà kì í fi irú ipò bẹ́ẹ̀ fún adúláwọ̀. Romero ní torí pé òun ló ṣe é dáadáa jù nígbà ìdánwò ni wọ́n ṣe mú un. Òun nìkan ló yè títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọn ọlọ́dẹ tó wá pa òkú rí i lójú fèrèsé, wọ́n rò pé òkú ni, wọ́n yìnbọn fún un. Lẹ́yìn èyí, kò sí àwòrán tó ń rìn mọ́. Fọ́tò tó dúró sójú kan, tó rí gàràgàrà bíi fọ́tò ìwé ìròyìn, ló ń tẹ̀lé ara wọn: ọwọ́ àwọn ọkùnrin tó di ìkọ́ alápatà mú, òkú rẹ̀ tí wọ́n ń wọ́ lọ síbi iná. Fọ́tò lásán kò ná wọn ní nǹkankan, mi ò sì rí òpin fíìmù mìíràn tó le tó o. Romero àti ẹnìkejì rẹ̀ ń gbé fíìmù náà lọ sí New York nínú mọ́tò nígbà tí wọ́n gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ti pa Martin Luther King, ní oṣù kẹrin 1968.

Ohun mìíràn wà tó jẹ́ kí fíìmù yìí kárí ayé, tí àwọn tó ń ṣe fíìmù nílẹ̀ wa gbọ́dọ̀ mọ̀. Nígbà tí àwọn alágbàtà pa orúkọ tó kọ́kọ́ jẹ́ dà, àmì àṣẹ-lórí-ara tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àtijọ́ bá a lọ, wọn kò sì fi òmíràn sí i. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà nígbà náà, iṣẹ́ tó bá jáde láìní àmì yẹn ti di ti gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni lè dà á kọ, kó tà á, kó gbé e sáfẹ́fẹ́ láìsan kọ́bọ̀. Gbogbo ilé tẹlifíṣọ̀n kéékèèké ń fi hàn láàjìn, gbogbo olùtajà kásẹ́ẹ̀tì ló ní in lórí igbá. Owó ńlá ni fíìmù náà pa, àwọn tó ṣe é kò rí èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Ìwà ìrẹ́jẹ ni, mi ò ní pè é ní oríire. Ṣùgbọ́n òun náà wà lára ìdí tí a fi ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 1989 ni òfin Amẹ́ríkà kò ti béèrè àmì yẹn mọ́ kí iṣẹ́ tó ní ààbò.

Lọ́dún 1978, olùdarí John Carpenter ní nǹkan bí 300,000 dọ́là fún fíìmù rẹ̀, Halloween. Apànìyàn inú rẹ̀ nílò ojú tí kò ní èrò kankan. Wọ́n lọ ra ìbòjú rọ́bà olówó pọ́ọ́kú, tí kò tó dọ́là méjì, tó jẹ́ ojú òṣèré kan nínú eré tẹlifíṣọ̀n nípa òfurufú. Wọ́n fẹ ihò ojú rẹ̀, wọ́n pa irun rẹ̀ dà, wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún. Òpin rẹ̀ nìyẹn. Ìgbà ìrúwé ni wọ́n ń yà á ní California, ìtàn sì sọ pé ìgbà tí ewé ń wọ́ ni, wọ́n bá fi ọ̀dà kun ewé oníbébà, wọ́n ń da á sílẹ̀, wọ́n á tún ṣà á pamọ́ fún ibi tó kàn. Àwa tí a mọ eégún yẹ kó tètè yé wa ju òyìnbó lọ pé ojú tí a kò rí ló ń gbọ̀n wá.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ẹ̀dá abàmì, ẹ jẹ́ kí n dúró lé e lórí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi fíìmù wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Ọmọláńgidi tí a ń fọwọ́ sún díẹ̀díẹ̀, irú èyí tí Willis O'Brien fi ṣe ìnàkí ńlá inú fíìmù King Kong ní 1933, ń gba sùúrù: àwòrán 24 ló ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìṣẹ́jú kan péré yóò ná yín ní àwòrán 1,440. Lọ́dún 1954, Eiji Tsuburaya ní ilé iṣẹ́ Toho ní Japan fẹ́ lọ ọ̀nà yìí fún Godzilla, fíìmù ẹranko ńlá abàmì, àkókò kò gbà á. Ó wọ ènìyàn láṣọ rọ́bà dípò rẹ̀. Aṣọ àkọ́kọ́ wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 100, ó sì le gbagidi débi pé Haruo Nakajima tó wọ̀ ọ́ kò lè ṣísẹ̀ púpọ̀. Wọn kò jù ú nù. Wọ́n gé e sí méjì, wọ́n ń lo apá ìsàlẹ̀ níbi tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ló ń hàn. Ohùn ẹranko náà, Akira Ifukube tó ṣe orin fíìmù náà ló fà á jáde látara okùn báàsì ńlá, ohun èlò orin olókùn, tó dẹ̀, ó fi ìbọ̀wọ́ aláwọ tí wọ́n fi oje igi pa ra á.

Ìdí tí aṣọ rọ́bà fi máa ń jọ aṣọ rọ́bà ni pé ẹni tó wà nínú rẹ̀ ń yára bí ènìyàn. Ohun ńlá kì í yára ṣubú lójú wa. Ìṣirò kan wà fún un. Bí ilé kékeré tí ẹ kọ́ bá jẹ́ ìdá 1 nínú 25 ti ilé gidi, ẹ wá iye tí a fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tó fi di 25: 5 ni. Ẹ fi 5 sọ 24 di púpọ̀, yóò di 120. Àwòrán 120 ni kí kámẹ́rà yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ wá fi hàn ní 24. Bí ilé bá jẹ́ ìdá 1 nínú 4, 48 ni. Ọ̀pọ̀ fóònù tó wà lọ́wọ́ wa lónìí lè ya 120. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ìmọ́lẹ̀: ní 120, ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po márùn-ún ni ẹ nílò, torí náà inú oòrùn ọ̀sán ni kí ẹ ti yà á, kí ẹ wá fi ẹdítìn sọ ọ́ di alẹ́. Omi àti iná kì í gbà láti kéré. Ẹ̀kán omi kan náà ni ẹ̀kán omi, yálà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ gidi tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ bébà. Bí omi bá wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ohun tí ẹ kọ́ kéré sí ìdá 1 nínú 4.

Kò yẹ kí aṣọ ẹ̀dá abàmì jẹ́ ohun àjèjì lọ́wọ́ wa. Àwọn apidán wa, eégún alárìnjó, ti ń di òjòlá, ọ̀nì àti ẹkùn lójú agbo tipẹ́tipẹ́ kí kámẹ́rà tó wọ ilẹ̀ yìí. Hugh Clapperton, òyìnbó tó dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ṣeré fún òun, tí òjòlá ńlá àti òyìnbó kan sì wà lára ohun tí àwọn eléré náà dà. Aṣọ tó ń yí inú padà sóde lójú ìlù, àwọn tó mọ̀ ọ́n rán ṣì wà. Mi ò mọ ìdí tí olùdarí wa yóò fi máa ra ẹkùn kọ̀ǹpútà tó ń fò lórí koríko láìtẹ koríko.

Hubert Ogunde gbé àjẹ́ àti babaláwo kúrò lórí ìtàgé bọ́ sójú àwòrán pẹ̀lú Aiye ní 1979, Ola Balogun ló darí rẹ̀. Lẹ́yìn 1986 tí náírà já wálẹ̀, fíìmù gidi di ohun tí apá ò ká mọ́, àwọn ẹgbẹ́ eléré sì gbé fídíò. Gbogbo wa la rántí bí wọ́n ṣe ń pòórá nínú àwọn fídíò yẹn. Ọgbọ́n yẹn ti wà láti ayé Georges Méliès ní Faransé ní 1896, ó sì dára títí dòní bí a bá ṣe é bó ṣe yẹ.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Kámẹ́rà yóò wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ so àpò iyanrìn mọ́ ẹsẹ̀ náà. Ẹ ti gbogbo ohun tó ń yí ara rẹ̀ padà nínú kámẹ́rà pa: ìmọ́lẹ̀, àwọ̀, ìríran. Bí ẹ kò bá tì wọ́n, bí ènìyàn kan bá ti kúrò lójú àwòrán, kámẹ́rà á yí ìmọ́lẹ̀ padà fúnra rẹ̀, ògiri á funfun lójijì, àṣírí á tú. Olùdarí á ní kí gbogbo ènìyàn dì. Ẹni tó fẹ́ pòórá nìkan ni yóò rìn jáde. Àwọn tó kù á máa bá eré lọ. Ẹdítọ̀ á gé àárín rẹ̀ kúrò. Ohun tó sábà ń bàjẹ́ ni ọwọ́ òṣèré tó sún díẹ̀, kùrukùru tó bo oòrùn, ewé ẹ̀yìn tí afẹ́fẹ́ gbé síbòmíràn, àti òjìji ẹni tó ti lọ tí ó ṣì wà nílẹ̀ torí pé kò jìnnà tó. Ẹ ya á nínú ilé tàbí lábẹ́ ibi tí oòrùn kò dé. Ẹ jẹ́ kí ibi tí wọ́n gé bọ́ sórí ìró kan tàbí sórí ìgbà tí gbogbo ènìyàn jọ yí orí padà, ojú kò ní rí i.

Bí ẹ bá fẹ́ èéfín tó bú jáde, ẹ má lo ẹ̀tù láìsí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fọ́n àtíkè díẹ̀ látinú ọwọ́, kí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù wá láti ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè tàn. Ẹ má ṣe fọ́n ìyẹ̀fun, ìbáà ṣe ti búrẹ́dì tàbí ti ẹ̀gẹ́, níbi tí iná wà: ìyẹ̀fun tó fọ́n ká nínú afẹ́fẹ́ máa ń gbiná bíi pẹtiróò. Kódà bó ṣe àtíkè, kí àbẹ́là jìnnà.

Ní ti iná kọ̀ǹpútà tó ń jáde lọ́wọ́ babaláwo, ìdí tí kò fi ń bani lẹ́rù ni pé kò tan ìmọ́lẹ̀ sójú ẹnikẹ́ni. Iná ń jó, ojú ẹni tó dúró tì í ṣì funfun bíi ti ọ́fíìsì. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lò ó, ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kan di gílóòbù tí a fi rọ́bà aláwọ̀ ọsàn bò mú nísàlẹ̀, ibi tí kámẹ́rà kò dé, kó máa fi páálí gé ìmọ́lẹ̀ náà láìdọ́gba. Mo ti rí i pé èyí nìkan, láìsí iná kankan lójú àwòrán, máa ń tó.

Ẹ̀jẹ̀ tiwa, kámẹ́rà aláwọ̀ ni a ní, ṣokoléètì nìkan kò lè ṣe é. Ife ṣúgà méjì, ife omi kan, oje ọsàn wẹ́wẹ́ ìdajì kan, lórí iná tó rọra ń jó, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, títí yóò fi ki bí oyin tó ṣàn. Ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn ni kò ní jẹ́ kí ṣúgà dì padà bó bá tutù. Bí ẹ bá fò ó, lọ́jọ́ kejì ẹ óò bá ṣúgà wóróhùwóró nísàlẹ̀ ìgò. Nígbà tó bá tutù, ẹ fi àwọ̀ pupa tí àwọn oníkéèkì ń lò sí i díẹ̀díẹ̀. Yóò kọ́kọ́ pupa bíi ti ohun mímu ọmọdé. Ẹ po ìyẹ̀fun kòkó ṣíbí ìjẹun kan pẹ̀lú omi gbígbóná díẹ̀ lọ́tọ̀ kó má baà ṣe kókó, kí ẹ wá dà á sí i, pẹ̀lú ẹ̀kán àwọ̀ búlúù kan péré. Ojú kámẹ́rà ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ojú ara yín, lábẹ́ iná tí ẹ máa fi ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ fẹ́ kòkó púpọ̀ sí i. Èyí tí kò bá ní wọ ẹnu òṣèré, ẹ kán ọṣẹ olómi sí i, yóò rọrùn láti fọ̀. Ṣúgà ń pe èèrà àti eṣinṣin, nítorí náà ẹ má pò ó kalẹ̀ láti àárọ̀. Kí aṣọ òṣèré tí ẹ̀jẹ̀ máa kàn jẹ́ mẹ́ta tó dọ́gba, ó kéré tán, torí bí ẹ bá ní láti tún un yà, aṣọ tó ti rin kò ṣeé lò fún ìgbà àkọ́kọ́ mọ́.

Alẹ́ ló kù. Òkùnkùn inú fíìmù kì í ṣe àìsí iná. Bí kámẹ́rà kékeré kò bá rí ìmọ́lẹ̀ tó, ńṣe ni àwòrán á máa hó bí ìrẹsì tó wà lórí iná. Ẹ gbé iná kan ṣoṣo sí ẹ̀yìn òṣèré, lókè, lọ́nà jíjìn, kó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára igi. Ẹ bu omi sí ilẹ̀ kó lè dán. Kí ẹ sì fi iwájú sílẹ̀ ní dúdú. Ibi dúdú yẹn ni ẹ̀dá abàmì yín yóò ti máa gbé. Tàbí kí ẹ lo àṣálẹ́. Nílẹ̀ wa ìmọ́lẹ̀ yẹn kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 lọ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, nítorí náà kí òṣèré ti mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dunjú, kí kámẹ́rà ti wà nílẹ̀, kí ẹ má sì gbèrò ju ojú àwòrán méjì lọ lálẹ́ kan.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ẹ̀yin Olóòtú. Bí ẹ bá ń kọ̀wé nípa fíìmù tuntun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ó mọ sórí ẹni tó ṣe olórí eré àti aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ síbi ìfilọ́lẹ̀. Ẹ dárúkọ ẹni tó ṣe sáùndì, ẹni tó po ẹ̀jẹ̀, ẹni tó rán aṣọ ẹ̀dá abàmì. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n lò, ibi tí wọ́n ti rà á, iye tó ná wọn àti ohun tó kọ́kọ́ bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ojú ìwé kan lóṣù ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn